Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀: Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin Tí Ó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Másítáàsì Nínú Ìmọ̀ Ìṣirò Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí jẹ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó pinnu pé òun kò ní dúró gba oyè àkọ́kọ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè kejì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní másítáàsì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní fọ́dà máàtì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òun àti àwọn òbí rẹ̀ kí n tó kọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí ó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń béèrè irú nǹkan báyìí. Àwọn ọmọ tí ìṣirò wọ̀ lára pọ̀ ní àdúgbò wa, ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń gbà kò ju “kò ṣeé ṣe” lọ. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé, ọmọ tí a bá sì fi òótọ́ tí kò pé lé lọ kì í sábà padà wá béèrè ìyókù.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ gan-an. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé àròpọ̀ èsì rẹ̀ lé ní 4.50 nínú 5.00. Oyè B.Tech tí ó ń kà fún jẹ́ ọdún márùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni àwọn tí ń ka ìṣirò fún B.Sc. ń lò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan ti ìsìnrú ìlú, NYSC. Lẹ́yìn ìyẹn ni másítáàsì yóò tó bẹ̀rẹ̀, tí kò bá sí ìdádúró kankan. Ẹ sì rántí pé ìgbélé kòrónà ti ọdún 2020, àti ìyanṣẹ́lódì ASUU tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún náà, ti jẹ́ kí ó yé gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga pé iye ọdún tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe iye ọdún tí ènìyàn yóò lò. Ó ṣírò rẹ̀ síwájú, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, ó rí i pé ọjọ́ ń lọ.

Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ yìí láti kékeré, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé nígbà tí ó ń ka real analysis ní ọdún kẹta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé gbogbo ohun tí ó ti ń lò láti ìgbà kálíkúlọ́ọ̀sì ní ẹ̀rí tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀rí náà. Ìdáhùn tí olùkọ́ rẹ̀ ń fún un lọ́pọ̀ ìgbà ni pé, “Ìyẹn di ìgbà tí o bá dé másítáàsì.” Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èyí léraléra lẹ́nu ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún, kò sí bí kò ṣe ní wá ọ̀nà tí yóò fi dé ibẹ̀ kíá.

Ó ti kà nípa bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ òkèèrè, òtítọ́ sì ni ohun tí ó kà. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Pennsylvania ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní submatriculation, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ lè gba ìwọlé sí iṣẹ́ oyè kejì, tí díẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí ó bá ṣe a sì kà fún un ní ìhà méjèèjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè kan wà tí ó ń jẹ́ MMath, ọdún mẹ́rin lápapọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi wọlé láti girama jáde pẹ̀lú oyè tí ó dọ́gba pẹ̀lú másítáàsì. Ní Cambridge, ọdún kẹrin náà ni wọ́n ń pè ní Part III, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ níbòmíràn a sì jọ máa jókòó nínú kíláàsì kan náà. Ní Jámánì, níbi tí oyè àkọ́kọ́ ti jẹ́ ọdún mẹ́ta tí oyè kejì sì jẹ́ méjì, àwọn yunifásítì kan a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí láàyè láti ṣe kọ́ọ̀sì másítáàsì kan tàbí méjì sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ó tún mú orúkọ Terence Tao wá, ọmọ Ọsirélíà tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ àti èkejì ní Yunifásítì Flinders kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1996, tí wọ́n sì fún ní Fields Medal, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ ìṣirò, ní 2006.

Mo ní kí ó fi ti Tao sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí àwa yòókù lè rí kọ́ nínú bí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe rìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù yẹ ní àgbéyẹ̀wò dáadáa. Ohun tí ó mú kí ó rọrùn fún wọn kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọn gbọ́n ju tiwa lọ. Ètò ni. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, ẹ̀ka kan náà ni ó ni kọ́ọ̀sì kékeré àti kọ́ọ̀sì ńlá, olùkọ́ kan náà ni ó ń kọ́ méjèèjì, ẹni tí ó bá sì ti ṣe kọ́ọ̀sì tí ó ṣáájú lè fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí tí ó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ọdún tí ó wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onímásítáàsì dá dúró ní ọ̀tọ̀, ó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù náà sì máa ń béèrè ni ìwé-ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí NYSC tàbí ti ìdásílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ di ààyè méjì mú ní àkókò kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi gbogbo ọjọ́ kàwé. Nítorí náà, ní ti ìwé, ọ̀rọ̀ náà parí: ọmọ yìí kò lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì kí ó tó gba B.Tech. Nígbà tí ó lọ béèrè, ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù.

Ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ pè mí, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Tàkíé dé ni. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ náà fẹ́ fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣòfò.

“Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í. Ṣé ẹnìkan ń lé e ni? Ìwé tí a ń sanwó ẹ̀ kò tíì parí, ó tún ti ń wá òmíràn.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ níbi tí ó wà. “Màámi, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó ń lé mi. Ohun tí mo ń kà ni mo fẹ́ mọ ibi tó ń lọ.”

Bàbá rẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó wọ̀ mí lára jù lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ tò ó tẹ̀lé ara wọn, ṣé kì í ṣe ìlú wa yìí ni wọ́n ń kì ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, nítorí pé ìbéèrè ìṣirò gidi ni bàbá náà bi láìmọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ọkà kí ó tó mu ẹ̀kọ, inú kan náà ni méjèèjì ń lọ, ebi náà á sì kúrò. Nínú ìṣirò, ó wà nígbà tí a lè pààrọ̀ ipò ohun méjì tí kò sí ohun tí yóò yí padà, ó sì wà nígbà tí pípààrọ̀ náà á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Apá ńlá nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní másítáàsì ni mímọ̀ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn ni pé kí ọmọ náà pa ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tì, kí ó lọ bá olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn onímásítáàsì fúnra rẹ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa wá jókòó gbọ́. Olùkọ́ náà gbà. Ó ní kò sí orúkọ tí òun yóò kọ sílẹ̀, kò sí ìdánwò, kò sí máàkì, kò sì sí ìwé kankan tí yóò fi hàn pé ó wá. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá tí òun bá fún àwọn yòókù, kí ọmọ náà ṣe é pẹ̀lú, kí ó sì mú un wá fún òun wò. Ó tún ní kí ó tún real analysis kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa kọ àwọn ẹ̀rí náà sílẹ̀ láìwo ìwé. Àṣẹ tí ó kẹ́yìn yìí ni ọmọ náà kà sí ohun kékeré. Kì í ṣe ohun kékeré, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Kọ́ọ̀sì méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ: functional analysis, tí ó ń wo àwọn function lápapọ̀ bí ẹni ń wo ojú ibì nínú ààyè kan, àti measure theory, ìmọ̀ bí a ṣe ń wọn gígùn àti ààyè. Èyí kejì ni ó kọ́kọ́ gbé e subú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé rẹ̀ wá sí ilé mi, ó ní olùkọ́ ti fún òun ní ìbéèrè kan níwájú gbogbo kíláàsì, òun sì dáhùn rẹ̀ kíá, gbogbo ohun tí òun sọ ló sì jẹ́ àṣìṣe. Mo ní pátákó dúdú kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ibẹ̀ ni a ti tún un ṣe.

Ìbéèrè náà nìyí, ẹni tí kò bá sì ka ìṣirò kọjá girama lè tẹ̀ lé e. Ẹ ya àpótí kan sórí ìlà tí ó lọ láti 0 dé 1. Ìbú àpótí àkọ́kọ́ jẹ́ 1, gíga rẹ̀ jẹ́ 1. Ìbú èkejì lọ láti 0 dé 1/2, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2. Ẹ̀kẹta lọ láti 0 dé 1/3, gíga rẹ̀ jẹ́ 3. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bá a lọ: àpótí ń fún, ó sì ń ga, ó ń fi ara mọ́ òdo. Ààyè tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í yí padà. 1 ni, nítorí pé ìbú lọ́nà gíga kò kúrò ní 1. Wàyí o, ẹ mú ojú ibì kan, kí a sọ pé 0.01. Àwọn àpótí àkọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpótí ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tí ó kọjá lórí rẹ̀ mọ́. Ojú ibikíbi tí ẹ bá mú, bó ti wù kí ó sún mọ́ òdo tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo àpótí á fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá wo ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ, kò sí àpótí kankan níbẹ̀; òdo ni. Ààyè abẹ́ òdo sì jẹ́ òdo.

Ọmọ náà ti sọ fún olùkọ́ pé ibi tí ààyè àwọn àpótí ń lọ àti ààyè ibi tí àwọn àpótí ń lọ jẹ́ nǹkan kan náà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Èkíní jẹ́ 1, èkejì jẹ́ òdo. Ohun tí ó ṣe ni pé ó pààrọ̀ ipò iṣẹ́ méjì, bí a ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú kálíkúlọ́ọ̀sì ọdún kejì tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá pé ta ni ó fún wa láṣẹ. Ó dúró níwájú pátákó, ó ní, “Ṣùgbọ́n sà, gbogbo ìgbà ni a máa ń ṣe é.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bi í ohun tí ó máa ń jẹ́ kí ó tọ́ láwọn ìgbà tí ó bá tọ́.

Henri Lebesgue, ará Faransé tí iṣẹ́ tí ó ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1902 jẹ́ ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀sì náà, ni ó fún wa ní òfin tí a nílò níbẹ̀: a lè pààrọ̀ wọn bí a bá rí ohun kan ṣoṣo tí ó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, tí ààyè abẹ́ ohun náà sì ní òpin. Mo ní kí ó wá ìbòrí fún àwọn àpótí wa. Ó yà á. Láàrin 1/2 àti 1, gíga ìbòrí jẹ́ 1, ààyè ibẹ̀ sì jẹ́ 1/2. Láàrin 1/3 àti 1/2, gíga jẹ́ 2, ààyè jẹ́ 1/3. Láàrin 1/4 àti 1/3, gíga jẹ́ 3, ààyè jẹ́ 1/4. Nígbà tí ó kọ 1/5 tẹ̀ lé e, ó dáwọ́ dúró, nítorí ó ti mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀: 1/2 + 1/3 + 1/4 + 1/5, tí ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí àròpọ̀ rẹ̀ kò sì ní òpin. 1/3 àti 1/4 lápapọ̀ ju ìdajì lọ. Láti 1/5 dé 1/8 lápapọ̀ tún ju ìdajì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì á máa gorí ìdajì láéláé. Kò sí ìbòrí tí ó ní òpin, nítorí náà kò sí àṣẹ láti pààrọ̀. Ohun tí ó fi dá ìbòrí náà lẹ́bi kì í ṣe ohun tí ó kọ́ ní kíláàsì másítáàsì rárá. Inú real analysis ọdún kẹta ni ó wà, nínú apá tí ó ti rò pé òun ti kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí olùkọ́ rẹ̀ pa láṣẹ. Mo rí ìwé tí ó kọ àwọn ẹ̀rí náà sí. Àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún ìfàlà-pa. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn mọ́, wọ́n sì kúrú, bí ẹ̀rí ṣe máa ń kúrú nígbà tí ó bá ti yé ẹni tí ń kọ ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ kọ ìhà kejì sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àkọsílẹ̀ tí ó bá pa ìnira mọ́ kò wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Kọ́ọ̀sì méjì tí kò ní máàkì gba àkókò tí ó yẹ kí àwọn tí ó ní máàkì gbà. Ní sáà náà, ó ní kọ́ọ̀sì ìmọ̀ nípa ìṣirò oníye, sitatísíìkì, tí ó jẹ́ kìkì iṣẹ́ àṣekára: táábù, fọ́múlà, àti ọ̀pọ̀ ìṣirò ọwọ́. Kì í ṣe pé kò lè ṣe é. Ó kàn ń sún un sí ọ̀la ni, nítorí pé measure theory dùn mọ́ ọn ju èyí lọ, nígbà tí ìdánwò sì dé, ọ̀la ti tán. Èsì tí ó gbà níbẹ̀ fa àròpọ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ pè é, ó ní kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì, ó sì fi functional analysis sílẹ̀ títí tí ó fi ti ibi ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà dé, tí ó sì wọ ọdún karùn-ún.

Ibi tí àǹfààní rẹ̀ ti hàn kedere ni iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìparí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá àkọlé nígbà tí òun ti mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe: tìọ́rẹ́mù tí Stefan Banach, ará Pólándì, tẹ̀ jáde ní 1922, tí ó sọ pé bí iṣẹ́ kan bá ń fa ohun gbogbo sún mọ́ ara wọn ní ìwọ̀n kan tí kò tó 1, ojú ibì kan ṣoṣo ni yóò wà tí iṣẹ́ náà kò ní ṣí nípò, a ó sì dé ibẹ̀ láti ibikíbi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi èyí yanjú ìdọ́gba tí ó sọ pé bí nǹkan ṣe ń dàgbà tó dọ́gba pẹ̀lú bí ó ṣe pọ̀ tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó rí 1 + x. Ó tún un ṣe, ó rí 1 + x + x²/2. Ó tún un ṣe, x³/6 kún un. Ó fi hàn pé lórí ìlà tí kò tó 1 ní gígùn, àṣẹ Banach ṣiṣẹ́, ibi tí gbogbo rẹ̀ sì ń lọ kò ju eˣ tí wọ́n kọ́ wọn ní ọdún kìíní lọ. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn gidigidi, nítorí pé kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tí ó kọ láìmọ ìdí rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde, ó kù díẹ̀ kí ó pé 4.50. Kíláàsì kejì òkè ni ó fi jáde. Kọ́ọ̀sì sitatísíìkì yẹn ni ó fà á. Ó dun ìyá rẹ̀ wọra, ó sì dùn mí pẹ̀lú, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè wa, kíláàsì àkọ́kọ́ máa ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì àti ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí kíláàsì kejì kì í ṣí bọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ fún òbí kankan pé ohun kékeré ni.

Ṣùgbọ́n kí ó tó parí ni ó ti kọ ìwé sí AIMS, ilé-ẹ̀kọ́ másítáàsì nínú ìmọ̀ ìṣirò tí Neil Turok dá sílẹ̀ ní Muizenberg, lẹ́bàá Cape Town, ní 2003, tí ó sì ti ní ẹ̀ka ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda. Èyí ni ohun tí ó sún mọ́ ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ jù lọ nínú ohun tí òfin gbà: ẹni tí ó wà ní ọdún ìparí lè kọ̀wé béèrè, bí ó bá ti máa parí kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó jẹ́ kí ó jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún un, ó sì lè sọ ní pàtó ohun tí ọmọ náà ṣe, iṣẹ́ àṣetiléwá wo ni ó yanjú, àti ibi tí ó ti ṣubú tí ó sì dìde. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn sọ pé ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì ń wá sí kíláàsì déédéé. Wọ́n gbà á. Ní ti NYSC, kò tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà tí ó jáde, nítorí náà yóò sìn ín nígbà tí ó bá padà dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pín kọ́ọ̀sì sí níbẹ̀, eré ìje sì ni. Ó kọ̀wé sí mi pé nígbà tí wọ́n dé orí ohun tí ó ti gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ń yí ká ní alẹ́ kí ó tún ṣàlàyé fún wọn. Kò sí ìwé tí ó sọ pé ó ti kọ́ ọ rí. Ní ti ìwé, ọ̀tun ni fún un bíi ti gbogbo wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé ó yẹ kí a yí padà nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó lè gbọ́ lára àwọn ojúgbà mi tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì. Kò pọn dandan kí a fún ọmọ ọdún kẹrin ní ìwọlé másítáàsì. Ó tó kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò kọ̀ọ̀kan gba ọmọ tí èsì rẹ̀ dára láàyè láti fi kọ́ọ̀sì másítáàsì kan, ẹyọ kan péré, rọ́pò kọ́ọ̀sì àṣàyàn kan nínú oyè àkọ́kọ́, kí ó ṣe ìdánwò rẹ̀, kí máàkì rẹ̀ sì wọ inú transcript. Bí ọmọ yìí bá ti rí irú ààyè bẹ́ẹ̀, wákàtí tí ó lò lórí àwọn àpótí yẹn ì bá ti kà fún un, kì bá sì ti di pé ohun tí ó mọ̀ jù lọ ni ó mú kí èsì rẹ̀ wálẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò mi tún ti wá béèrè ohun kan náà ní oṣù tí ó kọjá. Ọdún kẹta ni ó wà. Mo sọ fún un pé kí ó lọ bá olùkọ́, pé kọ́ọ̀sì kan ni kí ó tọrọ, kì í ṣe méjì, kí ó sì kọ́kọ́ wo àwọn kọ́ọ̀sì tirẹ̀ tí ó wà ní sáà náà kí ó tó lọ. Mo ní kí ó mú ìwé real analysis rẹ̀ dání, nítorí pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.